Àyẹ̀wò Ojú Kí Ojú Tó Dunni: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ó ṣòro láti rí ẹ̀yà ara kan, bí kò ṣe orí, tí Yorùbá fi orúkọ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tó ojú. A ní ojú ọjọ́, ojú ọ̀nà, ojú ogun àti ojú oorun. A ní ojúṣe, ojúlé, ojúlówó, ojúsàájú àti ojúkòkòrò. Ẹni tí kò ní ìtìjú ni a ń sọ pé ojú kì í tì, ẹni tí ó sì ṣàánú wa ni ó fi ojú àánú wò wá. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa àìsàn ojú wò, a óò rí i pé wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ̀. Ojú ń dunni, ojú ń yúnni, ojú ń ta, ojú pọ́n, ojú ń ṣomi, ojú ń ṣepin. Gbogbo wọn ni ó ń sọ ohun tí ẹni tí ó ni ojú mọ̀ lára, tàbí tí ẹni tí ó dojú kọ ọ́ lè rí. Ojú tí ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, tí kò dunni, tí kò pọ́n, tí kò sì ṣomi, kò ní gbólóhùn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nígbà tí a bá fi máa wí pé ojú ẹnì kan ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdajì ọ̀nà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan. Ohun tí ènìyàn bá rí wí fún dókítà ni ó máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àgbẹ̀ tí ń gbé Òwu-Ìsin, tí ojú kò dùn, kò ní rí ìdí tí yóò fi fi oko sílẹ̀ ní odidi ọjọ́ kan, kí ó wọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán tàbí Ìlọrin, kí ó sì sanwó fún ẹni tí yóò sọ fún un bí ojú tí ó fi ń ríran ṣe wà. Lójú tirẹ̀, ìyẹn dà bí ẹni tí ń gbé ìkòkò tí kò jò padà lọ fún amọ̀kòkò. Ìrònú rẹ̀ ìbá sì tọ̀nà, bí ó bá jẹ́ pé gbogbo àìsàn ojú ni ó ń kéde ara rẹ̀. Àwọn tí ó burú jù nínú wọn kì í kéde.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà ti rí ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀nà tí a sì gbà bá a jà yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Òwu-Ìsin ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin ní Ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1996. (Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Òwu ní apá ibẹ̀ sábà máa ń rántí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwu; ṣùgbọ́n ẹ̀bá Ọwá-Kájọlà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà wà, kì í ṣe Òwu-Ìsin.) Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni ilẹ̀ náà wà. Àpáta pọ̀ níbẹ̀, odò tí ń sáré láàárín àpáta sì wà níbẹ̀.

Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin dúdú kékeré kan, tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ, máa ń yé ẹyin sí. Omi adágún kò bá ọmọ rẹ̀ lára mu. Omi tí ń já, tí ń ru, tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń fẹ́, ara àpáta àti ewéko inú omi náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. Ọ̀sán ni ó ń jẹni, kì í ṣe òru bí ẹ̀fọn. Nítorí náà àgbẹ̀, apẹja, obìnrin tí ń fọṣọ àti ọmọdé tí ń pọnmi ni ó ń bá létí odò. Bí ó bá jẹ ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀, tí ó sì tún jẹ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lè gbé irú aràn kan láti ara ẹni ìṣáájú sí ara ẹnì kejì. Ìfọ́jú etí odò ni a lè pe àrùn náà. Onchocerciasis ni àwọn dókítà ń pè é.

Aràn náà a dàgbà lábẹ́ awọ, a di kókó tí kì í dunni, ní ìbàdí, ní ìhà tàbí ní orí. Ó lè gbé inú kókó yìí fún ọdún 10 sí 15, abo rẹ̀ a sì máa bí ọmọ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ń rìn káàkiri nínú awọ. Wọ́n ń fa yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, èyí tí ó rọrùn láti pè ní kúrúnà lásán. Awọ a hunjọ ṣáájú ọjọ́ ogbó, ojúgun a sì ní àmì funfun tó-tò-tó bí awọ ẹkùn. Àwọn kan nínú wọn a dé inú ojú. Nígbà tí wọ́n bá wà láàyè níbẹ̀, wàhálà wọn kò pọ̀. Ikú wọn ni ó ń dá egbò sílẹ̀. Egbò kékeré lórí egbò kékeré, láti ọdún dé ọdún, ni ó ń sọ awọ iwájú ojú tí ó mọ́ gaara di funfun, òun náà ni ó sì ń ba iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ní àfonífojì odò Fólítà, ìdílé púpọ̀ kó kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá nítorí àrùn yìí.

Kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn ni èyí fún ará Òwu-Ìsin. Ní 1982 ni Luke Edungbola, ti Yunifásítì Ìlọrin, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àrùn náà ní agbègbè Ilé-Ire ní Ìfẹ́lódùn, láàárín àwọn Ìgbómìnà gan-an. Òun náà ni ó fi hàn ní 1987 pé ojúgun alámì bí awọ ẹkùn tó láti fi mọ bí àrùn náà ti gbilẹ̀ tó ní abúlé kan. Ṣáájú ìgbà náà, gígé awọ díẹ̀ lára ènìyàn láti lọ fi ẹ̀rọ wò ni ọ̀nà tí a mọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ọgbọ́n wíwò lásán yìí kò níye lórí lójú ẹni tí kò mọ bí ó ti ṣòro tó láti wá ilé-àyẹ̀wò ní etí odò.

Ọdún 1987 kan náà ni ilé-iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò máa fi oògùn ivermectin, tí a mọ̀ sí Mectizan, tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ títí a kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Inú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni Satoshi Ōmura ti rí ohun alààyè kékeré tí oògùn náà ti ara rẹ̀ wá. Òun àti William Campbell gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015. Oògùn náà kì í pa aràn àgbà. Ọmọ wọn ni ó ń pa, ó sì ń dá bíbí wọn dúró fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ọdọọdún ni a ní láti máa lò ó títí àwọn aràn àgbà yóò fi gbó kú. Ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni Adenike Abiose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, tí ó fi hàn pé lílo oògùn náà lọ́dọọdún ń dín ìbàjẹ́ iṣan ojú kù. Ó ṣe pàtàkì, nítorí iṣan tí ó bá ti kú kì í jí mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe oògùn náà, bí kò ṣe ọ̀nà tí a gbà pín in. Láàárín 1974 sí 2002, ọkọ̀ òfuurufú ni a fi ń fọ́n oògùn sórí odò ní orílẹ̀-èdè 11 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Tógò àti Benin wà lára wọn, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ètò tí ó kan Nàìjíríà ni èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1995, tí ó sì parí ní 2015. Nínú ètò yìí, abúlé fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ẹni tí yóò pín oògùn, tí ó sì ń yan àkókò tí a óò pín in, kí ó má bàa bọ́ sí ìgbà tí gbogbo ènìyàn wà lóko. Ẹni tí a yàn a mú ìwé kan dání, a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, a kọ orúkọ gbogbo ará ilé sílẹ̀. Kò nílò ìwọ̀n. Ọ̀pá alámì ni ó ń fi wọn ènìyàn ní òòró: ẹni tí ó ga ní 90 sí 119 sẹ̀ǹtímítà gba hóró kan, 120 sí 140 gba méjì, 141 sí 158 gba mẹ́ta, ẹni tí ó tó 159 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba mẹ́rin. Aboyún, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí àìsàn líle dá dùbúlẹ̀ àti ọmọ tí kò tó àmì àkọ́kọ́ lára ọ̀pá kò gbà.

Ẹ kíyè sí i pé olùpín oògùn kò bi ẹnikẹ́ni pé, “Bàbá, ṣé ojú ń dùn yín?” Bí ó bá bi wọ́n, ọ̀pọ̀ ni ìbá dáhùn pé rárá, òtítọ́ ni wọn ìbá sì sọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹni tí kò ní kókó lára, ẹni tí ń ríran ketekete, gbogbo wọn ni orúkọ wọn wà nínú ìwé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé orílẹ̀-èdè Niger, tí ó bá wa pààlà ní àríwá, ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Nàìjíríà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nígbà tí eṣinṣin odò ti ń padà sẹ́yìn, àìsàn mìíràn wà tí kò bá odò wá, tí a kò sì tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé nítorí rẹ̀. Gìlókómà ni. Láàárín 2005 sí 2007 ni a ṣe ìwádìí lórí ìfọ́jú káàkiri Nàìjíríà, a sì yẹ ojú àwọn ènìyàn 13,591 tí ó ti tó ọmọ 40 ọdún sókè wò. Nínú gbogbo 100 wọn, bí 4 ni ó fọ́jú. Ohun tí a lè dènà tàbí tí a lè wòsàn ni ó sì fa èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ẹnì kan nínú 20 ni ó ní gìlókómà. Èyí tí ó bani lẹ́rù jù ni pé nínú 100 àwọn tí ó ní in, bí 6 péré ni ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní in. Àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Omi kan wà nínú ojú, tí kì í ṣe omijé. Ojú ń pèsè rẹ̀ nígbà gbogbo, ó sì ń ṣàn jáde gba ojú ihò wẹ́wẹ́ kan ní kọ̀rọ̀ ojú. Bí ihò yìí kò bá jẹ́ kí omi jáde dáadáa mọ́, omi a pọ̀ nínú ojú, a sì máa ti iṣan tí ó wà lẹ́yìn ojú. Iṣan yìí ní fọ́nrán tí ó tó mílíọ̀nù kan. Ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn tí ń gbé ìríran ẹ̀gbẹ́ ni ó ń kọ́kọ́ kú, àwọn tí ń gbé ìríran àárín gbùngbùn a sì dúró títí dé ìkẹyìn. Nítorí náà ẹni tí ó ti pàdánù ìdajì ìríran rẹ̀ lè máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ láìsí ìṣòro. Ohun tí ojú kan kò rí, ojú kejì a bá a rí i. Ibi tí méjèèjì kò rí, ọpọlọ a fi àbá dí i. Ó lè máa fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kọ, kí ọ̀kadà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wá máa já a láyà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa sọ pé Bàbá ti ń darúgbó. Oògùn tí a ń kán sójú, tàbí iṣẹ́ abẹ, lè dín agbára omi náà kù, kí èyí tí ó kù má bàa lọ. Kò sí èyí tí ó lè dá èyí tí ó ti lọ padà.

A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ìnira ẹni tí a bá sọ èyí fún. A ní kí ó máa kán oògùn sójú lójoojúmọ́ títí ayé rẹ̀, kí ó máa fi owó rà á, fún ojú tí kò dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí i pé ojú náà dára sí i. Ẹni tí kò bá yé dáadáa yóò pa á tì láàárín oṣù mẹ́ta. Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ àti ti ẹni tí ó gbọ́ èdè jinlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí “ẹ máa lo oògùn yín” kì í ṣe àlàyé.

Àrùn yìí a máa rìn nínú ẹbí. Bí bàbá bá ní in, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò, ewu tí ó wà fún ọmọ ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ó sì tún máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, kí ó sì le, lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ojú bá fọ́ mọ́ bàbá lórí, tí ó sì tún fọ́ mọ́ àkọ́bí lórí, ọwọ́ ayé ni a ń wá. Owó tí a fi ń wá ọwọ́ ayé yìí ìbá tó yẹ ojú gbogbo ọmọ ilé náà wò.

Kátárákì, ìyẹn ojú tí dígí inú rẹ̀ ti di funfun, yàtọ̀. Òun ni ó fa ìfọ́jú jù nínú ìwádìí náà, ó tó 43 nínú 100, iṣẹ́ abẹ sì lè dá ìríran padà. Ibi tí ewu wà ni ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà ṣubú sẹ́yìn ojú. Lọ́gán ni ìmọ́lẹ̀ a wọlé, aláìsàn a kígbe ayọ̀, oníṣẹ́ náà a gba owó rẹ̀, a sì lọ. Kì í sí níbẹ̀ nígbà tí ojú bá wú. Nínú ojú 583 tí àwọn olùwádìí rí tí a ti tọ́jú nítorí kátárákì, 249 ni a ti fi abẹ́rẹ́ tì báyìí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò sì ríran mọ́.

Àwọn oògùn kan wà tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, tí ń mú kí ojú pípọ́n mọ́ kíákíá. Bí sitẹ́rọ́ọ̀dù bá wà nínú rẹ̀, tí a sì ń kán an fún ìgbà pípẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè fa gìlókómà. Awò ojú tí a ń tà lọ́jà kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọmọ 40 ọdún ni apá kì í gùn tó mọ́ láti na ìwé jìnnà, awò olówó pọ́ọ́kú sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti kàwé, láti ránṣọ àti láti ṣa ìrẹsì. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń mú ẹjọ́ kan ṣoṣo tí ìbá gbé ẹni náà lọ sọ́dọ̀ dókítà kúrò. Ó ra awò, ó ríwèé kà, ó gbà pé a ti yẹ ojú òun wò.

Ní ti ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́ lè ṣe púpọ̀ láìní ẹ̀rọ. Pátákó lẹ́tà tí Hermann Snellen ṣe ní Utrecht ní 1862 ni a ṣì ń lò títí di òní: a gbé e kọ́ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ọmọ a dúró ní mítà 6, a fi ọwọ́ bo ojú kan, lẹ́yìn náà a bo èkejì. Bí a bá kọ 6/12, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dúró ní mítà 6 kí ó tó lè ka ohun tí ojú tí ó dá ṣáṣá ń kà láti mítà 12. Bíbo ojú lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àṣà lásán; ọmọ tí ojú òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá lè kàwé dópin kíláàsì láìjẹ́ pé òun tàbí òbí rẹ̀ mọ̀. Àwọn tí a pè ní olódo, tí a sì fi ìyẹn nà, nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò rí ojú pátákó, kò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe rò pé ẹni tí ó ka lẹ́tà tí ó kéré jù ti bọ́: alárùn gìlókómà lè kà á tán pẹ̀lú.

Nítorí náà ni àyẹ̀wò ojú gidi fi ju kíka lẹ́tà lọ. Dókítà a wọn agbára omi inú ojú, a fi iná wo orí iṣan tí ó wà lẹ́yìn ojú, a sì lè fi ẹ̀rọ wo bí ìríran ẹ̀gbẹ́ ti gbòòrò tó. Ẹni tí ó ti tó 40 ọdún ni ó yẹ kí ó máa ṣe é ní ọdún kan sí méjì. Ẹni tí gìlókómà wà nínú ẹbí rẹ̀, kí ó máa ṣe é lọ́dọọdún, kí ó má sì dúró di 40. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, lọ́dọọdún láti ìgbà tí a bá ti mọ̀ pé ó ní in. Ìlú tí ó mọ bí a ti ń fi ọdún sí ọdún retí olùpín oògùn odò kò ní ṣàìmọ bí a ti ń ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí yóò bá ti Òwu-Ìsin lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, kí ó mú awò tí ó ń lò àti gbogbo oògùn tí ó ń kán sójú dání, títí kan èyí tí ó rà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé bóyá ojú fọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lórí. Wọ́n lè kán oògùn tí yóò la ọmọ ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ojú dáadáa. Oòrùn yóò máa ta á lójú fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn èyí, kò sì ní lè kàwé. Kí ó má ṣe fúnra rẹ̀ gun alùpùpù tàbí wa ọkọ̀ padà, kí ẹnì kan bá a lọ.